Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú Mọ́ Mọ̀múdù Lójú

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, nínú oṣù Èrèlé, ọyẹ́ kò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Abọ́sẹ̀dé jókòó sí fàràńdà ilé rẹ̀ ní àdúgbò Fate, nílùú Ìlọrin, ó ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan ń kan géètì. Kò retí ẹnikẹ́ni. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó lọ ṣí i.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló dúró síbẹ̀. Jalabíà funfun ló wọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì gbé nǹkan kan tó fi táwẹ́ẹ̀lì wé mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní Mọ̀múdù lorúkọ òun, àdúgbò Ṣàngó lòun ń gbé, Naeem tó ń kọ bọ́ọ̀dù ló júwe ilé náà fún òun. Abọ́sẹ̀dé rántí Naeem dáadáa. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní àwòrán yíyà, kí òun tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

Mọ̀múdù jókòó, ó tú táwẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ló wà nínú rẹ̀, orí ọkọ̀ nìkan, èyí tó máa ń fa àwọn yòókù. Irin ni látòkè délẹ̀, kò gùn ju láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka lọ. Ihò èéfín rẹ̀ wà níbẹ̀, wíìlì rẹ̀ pé, kódà àtẹ̀gùn tí awakọ̀ ń gbà wọlé wà níbẹ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ ni kò fẹ́ẹ̀ sí mọ́. Apá kan ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, apá kan ti di irin lásán, abẹ́ rẹ̀ sì ti ń dógùn-ún.

"Àwọn oníbọ́ọ̀dù ní àwọn á hó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí àwọn fín òmíràn sí i láàárín wákàtí kan," ni Mọ̀múdù wí. "Mo ní mi ò fẹ́. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ẹni tó bá juni lọ, a kì í bọ́ ọ sí ìhòòhò nítorí pé aṣọ rẹ̀ ya."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abọ́sẹ̀dé. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin kan ti pa á lẹ́rìn-ín ní fàràńdà yẹn. Ó yí irin náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní iṣẹ́ wẹ́wẹ́ kò rọrùn fún ọwọ́ òun mọ́, àmọ́ kó fi í sílẹ̀, bóyá lẹ́yìn Àjíǹde òun á gbìyànjú.

"Tíṣà, mi ò lè dúró dìgbà náà," ni Mọ̀múdù wí. "Ojú òsì mi ti lọ. Ọ̀tún ló kù, òun náà ń ti ẹ̀gbẹ́ kú wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń pa ilẹ̀kùn dé díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní tó bá pẹ́ jù, ìparí ọdún. Mo fẹ́ rí i bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí awakọ̀ tó ń sọ aago tí ọkọ̀ máa gbéra. Abọ́sẹ̀dé wò ó. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀, àwọn á bẹ̀rẹ̀.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni Abọ́sẹ̀dé nígbà náà, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kó tó kú, rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Abọ́sẹ̀dé ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń yí i padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ìtùnú, wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, Abọ́sẹ̀dé kò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì.

Mọ̀múdù fi ọdún méje jù ú lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló wà tó wọ iṣẹ́ rélùwéè, èédú ló ń dà síná fún awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Àúdù. Lọ́jọ́ tí Mọ̀múdù kọ́kọ́ dá ọkọ̀ wà, Àúdù gbé ọkọ̀ kékeré yìí fún un, ó ní ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ ló fún òun náà. Ìyàwó Mọ̀múdù ti dolóògbé. Hàúwà ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ tíṣà ní Jẹ́bbà.

Iṣẹ́ náà kò yá rárá. Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ fi òwú àti omi ọṣẹ nu ìdọ̀tí ogójì ọdún kúrò lára rẹ̀, ó fi kẹrosíìnì pa ibi tó dógùn-ún. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan ọ̀dà àtijọ́ tó bá ṣì dúró. Ibi tó bó nìkan lòun máa dí, kí tuntun lọ bá àtijọ́ láìsí ẹni tó máa mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Àwọ̀ ewé náà ló fún wọn níyà. Abọ́sẹ̀dé ra ọ̀dà agolo kéékèèké ní Táíwò Road, ó po búlúù mọ́ yẹ́lò, ó kùn ún sí pákó kékeré. Mọ̀múdù á gbé pákó náà bọ́ sínú oòrùn, á fà á súnmọ́ ojú ọ̀tún títí imú rẹ̀ á fẹ́ẹ̀ kàn án.

"Ọmọdé ṣì lèyí," á wí. "Tiwa ti dàgbà."

Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin tó sọ bẹ́ẹ̀, Abọ́sẹ̀dé bi í pé irú àgbà wo.

"Ewé máńgòrò tó ti gbó, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí rẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé rò ó títí di ọjọ́ kejì. Ó wá fi pupa tín-ín-tín kún un, torí pupa ló máa ń mú àwọ̀ ewé gbó. Nígbà tí Mọ̀múdù gbé ìyẹn bọ́ sínú oòrùn, ó fà á súnmọ́ ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé Abọ́sẹ̀dé rò pé kò rí i dáadáa. Ìgbà tó yíjú padà ni Abọ́sẹ̀dé rí i pé ó ń sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni Mọ̀múdù máa ń wá. Á ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní lọ́nà, Abọ́sẹ̀dé á dín in, wọn á jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí Abọ́sẹ̀dé bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ kun ẹ̀gbẹ́ wíìlì, Mọ̀múdù á máa sọ fún un nípa àwọn ìlú tó ti gbà kọjá, nípa òjò tó ba ojú irin jẹ́ ní ọdún kan tí wọ́n sùn sínú igbó lọ́jọ́ mẹ́ta, nípa àwọn èrò tó máa ń se ọbẹ̀ nínú ọkọ̀. Tí àkókò ìrun bá tó, á kírun sí ẹ̀gbẹ́ fàràńdà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bá búta àlùwàlá tuntun níbẹ̀, omi ti wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí Abọ́sẹ̀dé rà á.

Lami aládùúgbò rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìtùnú, ẹ ti ń kọrin o, látàárọ̀." Abọ́sẹ̀dé ní irọ́ ni. Lami rẹ́rìn-ín lọ.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Igbe, òjò ńlá dá àwọn méjèèjì jókòó, ọ̀dà kò lè gbẹ. Bóyá òjò yẹn ló fà á. Abọ́sẹ̀dé sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ní nígbà tó di ọdún kẹjọ tí ọkọ òun wà lórí ibùsùn, ó rẹ òun dé egungun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òun ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn lẹ́ẹ̀mẹta, òun dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wá mú un. Kò pé oṣù kan tó fi kú.

"Gbogbo ìjọ ní akọni obìnrin ni mí," ó wí. "Wọ́n fún mi níwèé ẹ̀yẹ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo bẹ Ọlọ́run kó pa ọkọ mi."

Mọ̀múdù kò bá a wí, kò sì ka ẹsẹ ìwé mímọ́ kankan fún un. Ó jẹ́ kí òjò rọ̀ díẹ̀ sí i.

"Ó ti rẹ̀ ọ́ ni," ó wí.

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Láti ìgbà tí ọkọ Abọ́sẹ̀dé kò ti lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò sí ọkùnrin tó pè é bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò yé pe Mọ̀múdù ní ẹ̀yin, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ òjò yẹn ló ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin náà, ìfẹ́ tó máa ń mú kéèyàn wo géètì kí ọjọ́ tó pé.

Iṣẹ́ parí nínú oṣù Okúdù. Abọ́sẹ̀dé fa ìlà pupa yí iwájú ọkọ̀ náà ká, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú yẹ́lò, ó kun fáníìṣì lé e, ó jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbé e sórí àpótí nínú oòrùn kí Mọ̀múdù tó dé.

Mọ̀múdù kúnlẹ̀ sí i. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, ó wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní kí Abọ́sẹ̀dé fi ibi tó dí han òun. Abọ́sẹ̀dé wò ó títí, òun náà kò rí i mọ́. Mọ̀múdù ní alihamudulilahi. Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún.

"Abọ́sẹ̀dé," ó wí. Kò pe Tíṣà. "Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ máa wò títí tí yóò fi ṣú. Ìwọ ni."

"Mo ti darúgbó, Bàbá Hàúwà."

"Ojú mi ò rí ìyẹn."

Abọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí àwọn sọ fún àwọn ọmọ.

Hàúwà wá láti Jẹ́bbà. Ó jẹun nílé Abọ́sẹ̀dé, ó wo bí bàbá rẹ̀ ṣe ń yíjú sí ibi tí ohùn obìnrin náà bá ti wá, ó sì kúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ìdánìkanwà bàbá òun ti ń ba òun tẹ́lẹ̀. Mọ̀múdù lọ bá lèmọ́mù àdúgbò wọn, ìyẹn ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, kálukú lè dúró sí ẹ̀sìn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Abọ́sẹ̀dé ní Ọ̀mù-Àrán kùn díẹ̀ nípa ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ni àwọn èèyàn á wí, àmọ́ nígbẹ̀yìn ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ìtùnú nìkan ló kù.

Ìtùnú bímọ nínú oṣù Agẹmọ. Abọ́sẹ̀dé lọ sí Ìbàdàn láti lọ tọ́jú òun àti ọmọ, níbẹ̀ ló sì ti sọ fún un. Ìtùnú gbọ́ ọ tán, ó gbé ọmọ sí ọmú kejì.

"Mọ́mì, ẹ ní ojú rẹ̀ ń lọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Mo wà nílé nígbà tí bàbá mi wà lórí ibùsùn. Mo rí bí ẹ ṣe gbẹ. Ẹ kò mọ̀ pé mo rí yín ni."

Abọ́sẹ̀dé ní ojú yàtọ̀ sí rọpárọsẹ̀, ọkùnrin náà ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń pa òun lẹ́rìn-ín. Ìtùnú kò jiyàn. Kò sì sọ pé òun gbà.

Mọ̀múdù máa ń pè é lálaalẹ́. Á bi í bóyá ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, á sọ ohun tí òun jẹ, á sọ bí ilẹ̀kùn ojú òun ti ń pa dé sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò pè. Abọ́sẹ̀dé pè é fún ọjọ́ mẹ́ta, kò gbé e. Lọ́jọ́ kẹrin ni ìpè rẹ̀ wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìtùnú," ni Mọ̀múdù wí. "Mo ti rò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ sílẹ̀. Mò ń lọ bá Hàúwà ní Jẹ́bbà. Ẹ ṣeun fún gbogbo rẹ̀. Ẹ má bínú sí mi."

Ẹ̀yin ló pè é. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dun Abọ́sẹ̀dé, kí ọ̀rọ̀ yòókù tó wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Mọ̀múdù ní kò ṣe nǹkan kan. Ó pa fóònù.

Nígbà tó padà sí Ìlọrin, ó lọ sí Ṣàngó. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ayálégbé tó wà lẹ́yìn ilé ní ọmọ Bàbá ló wá mú un lọ, ojú Bàbá kò ríran mọ́ rárá. Abọ́sẹ̀dé pe Hàúwà. Ohùn Hàúwà kò dùn. Ó ní Bàbá ní kí Mọ́mì jọ̀wọ́, kó má wá.

Obìnrin tí wọ́n ní kó má wá, kì í wá. Bí wọ́n ṣe tọ́ Abọ́sẹ̀dé nìyẹn náà. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bọ̀. Ó ń se oúnjẹ tí kì í jẹ tán. Nígbà míì, tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á pọn omi sínú búta, á rántí, á dà á síbi òdòdó. Ó bínú sí Mọ̀múdù, ó bínú sí ara rẹ̀, ó wá rò pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ lọ́jọ́ òjò ló lé e lọ, pé ọkùnrin náà rò ó títí ó wá kórìíra òun. Ìrònú yẹn ló burú jù. Kò lè sọ ọ́ fún Lami, kò lè sọ ọ́ fún pásítọ̀.

Ìtùnú wá ṣe Kérésìmesì pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé ọmọ wọlé, ó wo ìyá rẹ̀ tó ti rù, ó wo tábìlì tí eruku ti bo agolo ọ̀dà. Ó mú un mọ́ra fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì.

Ó ní òun ló pe Mọ̀múdù. Ọjọ́ tí Mọ́mì ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ ni òun mú nọ́ńbà rẹ̀ nínú fóònù wọn. Ó ní òun kò bú u. Òun sunkún fún un ni. Òun sọ fún un bí ìyá òun ṣe lo ọdún mẹ́jọ, òun sì bẹ̀ ẹ́ pé tó bá fẹ́ràn rẹ̀ dénú, kó má jẹ́ kó tún ṣe é. Ó ní ọkùnrin náà kàn dáhùn pé, "Mo gbọ́, ọmọ mi."

Abọ́sẹ̀dé pa iná ìdáná.

"Ta ló ní kí o bá mi yan ohun tí yóò rẹ̀ mí?" ó bi í.

Abọ́sẹ̀dé kò lù ú, kò ṣépè fún un. Ó gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn Ìtùnú torí pé ọmọ ti ń sunkún, ó sì pọ̀n ọ́n.

Nígbà tí ọdún yí, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Jẹ́bbà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó béèrè títí tó fi dé ilé Hàúwà. Hàúwà ṣílẹ̀kùn, ó rí i, ó kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mọ̀múdù jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló kọjú sí. Ọkọ̀ ojú irin náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ Abọ́sẹ̀dé nìyẹn," ó wí.

Abọ́sẹ̀dé gbé báàgì sílẹ̀. Ó jókòó tì í. Ó wo ọkọ̀ náà, ó sì rí i pé nọ́ńbà yẹ́lò tí òun kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń parẹ́, irin ti ń yọjú lábẹ́ àwọ̀ ewé. Bó ṣe ń wò ó ni àtàǹpàkò Mọ̀múdù ń kọjá níbẹ̀, lọ sókè, bọ̀ sísàlẹ̀.

"Ẹ ti ń hó ọ̀dà mi," ó wí.

"Ọwọ́ ni mo fi ń wò ó báyìí."

Abọ́sẹ̀dé ní Ìtùnú ti sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ pín ayé mi láàárín ara yín, ẹ ò pè mí síbẹ̀." Mọ̀múdù ní òótọ́ ni, òun ṣẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kó forí jì òun. Abọ́sẹ̀dé ní òun ti forí jì í, kó kó ẹrù rẹ̀ kí àwọn máa lọ sí Ìlọrin, tàbí kí òun dúró síbí. Kò sí nǹkan tó nílò tí ọwọ́ òun kò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn," ni Mọ̀múdù wí. "Ojú nìkan kọ́ mọ́. Wọ́n ti rí ìtọ̀ ṣúgà lára mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ń kú, mi ò mọ̀ tí èèrà bá ń jẹ ẹ́. Kò ní pa mí kíákíá. Mo lè lo ogún ọdún."

"Kí ẹ lò ó lọ́dọ̀ mi."

"Ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ òjò yẹn, Ìtùnú ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n." Ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀. "Búra fún mi, Abọ́sẹ̀dé. Búra pé ọjọ́ kan ò ní dé tí wàá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí o ní kí Ọlọ́run wá mú mi. Tí o bá búra, màá gbà ọ́ gbọ́, a ó sì jọ lọ lónìí."

Abọ́sẹ̀dé la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ó rántí ara rẹ̀ lọ́dún kẹjọ. Ó rántí pé ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ náà, pé lọ́dún kìíní ì bá fi Bíbélì búra láìṣẹ́jú. Kò tíì purọ́ fún Mọ̀múdù rí. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á. Ẹkún ló bọ́ jáde.

Mọ̀múdù na ọwọ́, ó wá ojú rẹ̀ títí tó fi rí i, ó fi àtàǹpàkò nu omi ibẹ̀.

"Mi ò dá ọ lẹ́bi," ó wí. "Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ pé tí o bá ń gbàdúrà nípa mi, kí n pẹ́ láyé ni wàá máa bẹ̀."

"Mọ̀múdù," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Kò pe orúkọ rẹ̀ gán-ń-gán bẹ́ẹ̀ rí.

Hàúwà gbé oúnjẹ wá, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Abọ́sẹ̀dé yọ eegun ẹja kúrò fún un. Mọ̀múdù bi í ní aṣọ tó wọ̀, ó ní búlúù ni, olódòdó funfun. Ó bi í nípa ọmọ Ìtùnú, ó ní ó ti ń jókòó. Wọn kò dárúkọ ohun tó ń bọ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun Alaasári.

Abọ́sẹ̀dé bu omi fún un, ó ṣe àlùwàlá. Ó fà á dé orí ẹní, ó dì í léjìká méjèèjì, ó yí i kọjú sí gábàsì. Kò tètè yọwọ́.

"Tí mo bá ti kábàrá wọ ìrun, máa lọ," ni Mọ̀múdù wí. "Mi ò ní lè yíjú padà, mi ò sì ní lè pè ọ́."

Abọ́sẹ̀dé ní òun gbọ́. Mọ̀múdù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí etí. Ọwọ́ náà dúró níbẹ̀, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wá kábàrá, ó ká ọwọ́ lé àyà.

Abọ́sẹ̀dé mú báàgì rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún.

Ní gáréèjì, òun ni èrò àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin. Awakọ̀ ní kí Màmá fara balẹ̀, ọkọ̀ kò ní gbéra àfi tó bá kún. Abọ́sẹ̀dé ní kò sí wàhálà. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó kọjú sí ọ̀nà tó gbà wá, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ náà má kún. Ọkùnrin méjì wọlé. Lẹ́yìn náà ẹnikẹ́ni kò wá fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ìgbà náà ni obìnrin kan tó gbé adìyẹ méjì sáré dé, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì kún gbogbo àyè tó kù. Awakọ̀ ti ilẹ̀kùn, ó wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i, wọ́n gbéra.